Kò Ṣe Eku, Kò Ṣe Ẹyẹ: Ìtàn Tight End Nínú Bọ́ọ̀lù Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà a máa sọ nípa àjàò pé kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ó ní eyín bí eku, ó sì ní ìyẹ́ bí ẹyẹ. Nígbà tí ó kú, ìtàn sọ pé àwọn eku kò sin ín, àwọn ẹyẹ náà kò sì sin ín. Nínú eré bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹnì kan wà tí ọ̀ràn rẹ̀ jọ ti àjàò yìí. Tight end ni wọ́n ń pè é, èyí ni pé ẹni ìpẹ̀kun ìlà tí ó fara mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń fi èjìká ti ọ̀tá kúrò lọ́nà bí àwọn sìgbọnlẹ̀ tí ó wà ní àárín ìlà, ó sì tún ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù bí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyára tí ó wà ní ẹ̀bá pápá. Bí ó ṣe di ẹni iyì, àti ìdí tí owó rẹ̀ kò fi tó iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ bọ́ọ̀lù mìíràn ju èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lànà díẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù náà gùn, ó ṣe ṣóńṣó ní orí àti ní ìdí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti fi gbé e rin yáàdì 10. Bí wọ́n bá rìn ín, wọ́n tún ní ìgbà mẹ́rin mìíràn, títí wọn yóò fi gbé e wọ ilé ọ̀tá, kí wọ́n sì gba àmì 6. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń gbé e lọ. Yálà kí ẹnì kan gbá a mọ́ àyà kí ó sì sáré la àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ kọjá, tàbí kí kọ́tábáàkì, ẹni tí ń darí eré, jù ú síwájú fún ẹni tí ó ti sáré lọ dè é.

Òfin kan wà tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ènìyàn méje gbọ́dọ̀ tò sí orí ìlà. Nínú àwọn tí ó tò sí ìlà yìí, àwọn méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba bọ́ọ̀lù tí a jù síwájú. Àwọn tí ó wà ní àárín kò gbọdọ̀ gbà á. Kí wọ́n máa dínà fún ọ̀tá ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹ ó rí i pé òfin fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹni ìpẹ̀kun sí ojú ààlà, tí ó fún un ní iṣẹ́ eku àti ti ẹyẹ.

Jíju bọ́ọ̀lù síwájú kò sí nínú eré náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìkọlù nìkan ni, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kú lórí pápá. Ní ọdún 1905 ọ̀ràn náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Theodore Roosevelt fi pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton wá sí ilé ìjọba láti bá wọn sọ ọ́. Ní ọdún 1906 òfin gbà pé kí a lè ju bọ́ọ̀lù síwájú, kí eré lè fẹ̀ sí i. Ìdè ṣì pọ̀ lórí rẹ̀. Ó di ọdún 1933 kí NFL, àjọ àwọn eléré tí ń gba owó, tó gbà pé a lè jù ú láti ibikíbi lẹ́yìn ìlà.

Nígbà náà àwọn ẹni ìpẹ̀kun méjèèjì ni ó ń fara mọ́ ẹgbẹ́ wọn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn olùkọ́ eré bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn pé, kí ni ẹni tí ó mọ eré sá ń ṣe láàárín àwọn sìgbọnlẹ̀? Clark Shaughnessy, tí ó ń kọ́ ẹgbẹ́ Los Angeles Rams ní ọdún 1949, mú Elroy Hirsch kúrò lẹ́yìn ìlà lọ sí ẹ̀bá pápá, kí ó lè ní àyè láti sáré. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni ìpẹ̀kun náà lọ dúró sí ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan sì kù sílé. Ẹni tí ó kù sílé yìí ni tight end. Bí a bá rò ó dáadáa, ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tí wọ́n yàn.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kò sì ní ògo kankan nínú. Ní Green Bay, lábẹ́ Vince Lombardi, Ron Kramer ni ó ń ti ẹ̀ṣọ́ tí ó wà ní ìta ìlà. Ìhà tí ẹ̀ṣọ́ náà bá kọjú sí ni Kramer yóò tì í lọ, ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù yóò sì gba ìhà kejì. Lórí títì yìí ni eré tí ó sọ Lombardi di olókìkí dúró sí. Síbẹ̀, nígbà tí Green Bay fi 37 sí 0 na New York Giants nínú ìdíje àṣekágbá ọdún 1961, Kramer gba bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó dàbí ẹni pé èjìká rẹ̀ ni àwọn Giants ń ṣọ́, tí wọ́n gbàgbé pé ó ní ọwọ́.

Ọdún 1961 yìí kan náà ni George Halas, baba tí ó dá Chicago Bears sílẹ̀ tí ó sì tún ń kọ́ wọn, mú ọmọkùnrin kan wá láti Yunifásítì Pittsburgh. Mike Ditka ni orúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ gbóná, ó sì kórìíra kí ẹnikẹ́ni gbé òun ṣubú. Halas kò fi í ṣe ẹni tí ń dínà nìkan. Ó ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn Ditka gba bọ́ọ̀lù 56, ó fi rin yáàdì 1,076, ó sì gbé e wọlé nígbà 12. Ẹnikẹ́ni kò retí irú èyí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ láti máa ti ènìyàn.

Ọjọ́ kan wà nínú ìtàn Ditka tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀: ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1963, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy. Gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ pé kò yẹ kí eré wáyé rárá, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n NFL ní kí wọ́n ṣe é. Ní Pittsburgh, àwọn ará ilé ti fi àmì mẹ́ta ṣíwájú Bears, ilẹ̀ eré sì ti ń ṣú. Ditka gba bọ́ọ̀lù kúkúrú kan lọ́wọ́ Bill Wade. Ẹ̀ṣọ́ kan dì mọ́ ọn, ó gbọ̀n ọ́n nù. Òmíràn dé, ó gbọ̀n òun náà nù. Ó rìn ju yáàdì 60 lọ kí wọ́n tó rí i mú. Láti ibẹ̀ ni Bears ti rí àmì mẹ́ta gbà, tí eré fi parí sí ọ̀mì, 17 sí 17. Bí wọ́n bá ti pàdánù lọ́jọ́ náà ni, wọn ìbá bá Green Bay dọ́gba ní òpin ọdún. Ọ̀mì yẹn ni ó gbé wọn lékè, wọ́n sì fi 14 sí 10 na Giants ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá láti di olúborí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e Ditka gba bọ́ọ̀lù 75. Ọdún 16 kọjá kí tight end mìíràn tó kọjá iye yẹn.

Kí ni ó wá dé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń da àwọn ẹ̀ṣọ́ láàmú tó bẹ́ẹ̀? Ibí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi ẹ̀ṣọ́ méjì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Àwọn kan tóbi, wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò yá. Àwọn kejì kéré, wọ́n ń sáré bí etu, ṣùgbọ́n bí sìgbọnlẹ̀ bá kọlù wọ́n, wọn yóò ṣubú. Bí olùkọ́ bá fi ẹni ńlá ṣọ́ tight end tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbà, yóò sáré sílẹ̀ fún un. Bí ó bá fi ẹni kékeré ṣọ́ ọ, yóò fi ara tì í, yóò sì na ọwọ́ sókè gba bọ́ọ̀lù lé e lórí. Kò parí síbẹ̀. Bí olùkọ́ bá kó àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké wọ pápá nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò jù ú, tight end yìí kan náà yóò yí padà, yóò máa tì wọ́n ṣubú, wọn yóò sì gbé bọ́ọ̀lù sáré gba orí wọn kọjá. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀ rárá ni ẹ̀ṣọ́ ti gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, tight end kò sì tíì yan nǹkan kan.

Ibi tí ó dúró sí tún ń ràn án lọ́wọ́. Àárín pápá ni ọ̀nà rẹ̀, kò sì jìnnà sí kọ́tábáàkì. Nítorí náà nígbà tí ọ̀tá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ kọ́tábáàkì tí ó sì ń wá ẹni tí yóò yára ju bọ́ọ̀lù sí, òun ni ó máa ń wà nítòsí. Bí ó bá sì sá gba àárín lọ, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó lọ ran àwọn ará ẹ̀bá pápá lọ́wọ́ yóò dúró láti máa wò ó. Ẹlòmíràn yóò wá gba bọ́ọ̀lù náà ní ẹ̀bá, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò sì kọ sínú ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ra fún àwọn tí ń fi iye bọ́ọ̀lù tí ènìyàn gbà nìkan díwọ̀n tight end. Ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ti ìgbà náà, John Mackey ti Baltimore Colts ni n ó yàn. Láti Yunifásítì Syracuse ni ó ti dé ní ọdún 1963. Ditka ń gba bọ́ọ̀lù ó sì ń jà rìn. Mackey ní tirẹ̀ a máa gbà á, a sì máa sáré fi gbogbo ènìyàn sílẹ̀, nǹkan tí a kò rí kí ẹni tí ó tóbi tó o ṣe. Ní ọdún 1966 ó gbé bọ́ọ̀lù wọlé nígbà mẹ́sàn-án, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ láti ọ̀nà tí ó ju yáàdì 50 lọ. Nínú Super Bowl oṣù kìíní ọdún 1971, Johnny Unitas ju bọ́ọ̀lù kan sí Eddie Hinton. Ó kan ọwọ́ Hinton, ó fò sókè, ìka Mel Renfro ti Dallas fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn án, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Mackey. Ó sáré, ó di yáàdì 75. Òfin ìgbà náà kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà méjì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tẹ̀ léra, àfi bí ọ̀tá bá kàn án láàárín wọn. Àwọn ará Dallas fárígá pé ọwọ́ Renfro kò kàn án. Adájọ́ eré ní ó kàn án. Baltimore borí, 16 sí 13.

Jackie Smith ti St. Louis kò gbọdọ̀ ṣaláì sí nínú ìtàn yìí, nítorí pé ayé kò ṣe é dáadáa. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀, yáàdì 7,918 ni ó ti rìn, kò sì sí tight end tí ó ní tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Super Bowl oṣù kìíní ọdún 1979, nígbà tí ó ń ṣeré fún Dallas, bọ́ọ̀lù kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ọ̀tá, láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Pittsburgh borí, 35 sí 31. Bọ́ọ̀lù 480 ni ó gbà láyé rẹ̀. Ẹyọ kan tí kò gbà ni àwọn ènìyàn ń rántí.

Ní àwọn ọdún 1970 jíju bọ́ọ̀lù rẹ̀wẹ̀sì, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti kọ́ láti máa lu ẹni tí ń sáré lọ gbà á kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 1978 NFL ṣe òfin pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lù ú mọ́ bí ó bá ti kọjá yáàdì 5. Ọdún yẹn náà ni Don Coryell gba ẹgbẹ́ San Diego Chargers, ní ọdún 1979 sì ni Kellen Winslow dé bá a láti Missouri. Coryell kò jẹ́ kí Winslow jókòó sí ibì kan. Lónìí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, lọ́la ó wà ní ẹ̀bá pápá, nígbà mìíràn ó ń rìn kiri kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ kò fi mọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1980 ó gba bọ́ọ̀lù 89, ó sì rin yáàdì 1,290. Kì í ṣe tight end nìkan ni ó fi borí; kò sí ẹnikẹ́ni nínú àjọ náà tí ó gba bọ́ọ̀lù tó o lọ́dún yẹn.

Ohun tí ó ṣe ní Miami ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1982 ni ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ má lè parẹ́. Ooru mú gan-an. Chargers ti fi 24 sí 0 ṣíwájú, Miami sì lé wọn bá. Winslow gba bọ́ọ̀lù 13, ó rin yáàdì 166. Iṣan ń fà á, omi ti gbẹ lára rẹ̀, wọ́n gbé e kúrò lórí pápá, ó tún padà. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí àmì ti dọ́gba, tí àwọn Miami sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín òpó láti borí, Winslow náà wà lára àwọn tí ó fò sókè láti dí i. Ìka rẹ̀ ni ó kan bọ́ọ̀lù náà tí kò fi wọlé. Chargers borí nínú àfikún àkókò, 41 sí 38. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni ó fi èjìká gbé e jáde.

Láti ìgbà náà ọ̀nà ti là. Ozzie Newsome ti Cleveland gba bọ́ọ̀lù 662, ó sì wá di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olùdarí àgbà fún ẹgbẹ́ kan nínú NFL, ní Baltimore, ní ọdún 2002. Shannon Sharpe ti Denver ni tight end àkọ́kọ́ tí ó kọjá yáàdì 10,000. Tony Gonzalez, tí ó fi ọdún 17 ṣeré, gba bọ́ọ̀lù 1,325. Gonzalez ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Antonio Gates ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ gbá òmíràn níbẹ̀ yàtọ̀ sí i, síbẹ̀ ó gbé bọ́ọ̀lù wọlé nígbà 116 fún Chargers. Ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń fi ẹ̀yìn dínà fún ọ̀tá kí a sì na ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ tight end tán. Ìdajì kejì, èyí tí í ṣe dídínà, ni ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kọ́. Àwọn àgbà eré a máa sọ pé tight end tí kò lè ti ènìyàn kì í ṣe tight end mọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ìwọ̀n kan, nítorí pé bí ẹ̀ṣọ́ bá ti mọ̀ pé kò ní tì, ìyọnu yíyàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti tán. Rob Gronkowski ti New England ni ó ṣe méjèèjì ní àṣepé nígbà tiwa: ní ọdún 2011 ó gba bọ́ọ̀lù wọlé nígbà 17, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ti àwọn ẹ̀ṣọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà á fún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó wá sọ àjàò di ẹjọ́. Ní ọdún 2013 Jimmy Graham ti New Orleans gba bọ́ọ̀lù 86, ó sì gbà á wọlé nígbà 16. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀tọ́ tí òfin fún wọn láti dá a dúró fún ọdún kan sí i, ní iye owó tí a ti là sílẹ̀ fún ipò kọ̀ọ̀kan. Ti tight end jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 7 dọ́là. Ti àwọn ará ẹ̀bá pápá ju mílíọ̀nù 12 lọ. Graham ní òun kì í ṣe tight end: nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta eré òun ni òun kò fara mọ́ ìlà. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Stephen Burbank, olùkọ́ òfin ní Yunifásítì Pennsylvania, ẹni tí a yàn láti parí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2014 ó dájọ́ pé bí ènìyàn bá dúró láàárín yáàdì mẹ́rin sí ìlà, iṣẹ́ tight end ló ń ṣe.

Mo rò pé ìdájọ́ náà tọ́ ní ti òfin, ṣùgbọ́n ó fi àìtọ́ tí ó wà nínú iye owó hàn gbangba. Nítorí pé Graham lè dúró síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún ni ó fi ń da àwọn ẹ̀ṣọ́ láàmú, ohun yìí kan náà ni wọ́n sì fi dín owó rẹ̀ kù. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ padà fẹnu kò sí mílíọ̀nù 40 dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Ní ọdún 2020 George Kittle ti San Francisco gba àdéhùn mílíọ̀nù 75 fún ọdún márùn-ún, ọdún náà sì ni Travis Kelce ti Kansas City rin yáàdì 1,416, iye tí tight end kankan kò rìn ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá 13 tí Buffalo sì fi àmì mẹ́ta ṣíwájú, àárín pápá ni Kelce gbà, ó rin yáàdì 25, ibẹ̀ ni Kansas City sì ti dọ́gba pẹ̀lú wọn. Òun náà ni ó gba bọ́ọ̀lù tí ó parí eré ní àfikún àkókò.

Àwọn tí ń gba irú owó báyìí jẹ Mackey ní gbèsè tí kì í ṣe ti orí pápá. Ní ọdún 1970 ni ó di ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré. Nígbà náà, bí àdéhùn eléré kan bá parí tí ẹgbẹ́ mìíràn sì gbà á, ọ̀gá àgbà NFL lè pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ tuntun san ohunkóhun tí ó bá wù ú fún ti àtijọ́. Nítorí náà kò sí ẹni tí ń gba ẹnikẹ́ni. Mackey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àjọ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì borí ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 1976. Eré tirẹ̀ ti parí ní ọdún 1972. Ditka wọ Ilé Ògo eré náà ní ọdún 1988, òun sì ni tight end àkọ́kọ́ níbẹ̀. Mackey dúró títí di ọdún 1992, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ẹjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà.

Kò tíì darúgbó púpọ̀ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà NFL nípa ìnira ìtọ́jú rẹ̀, láti inú ìwé náà ni àjọ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ti dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 2007 fún àwọn eléré àtijọ́ tí àìsàn ìgbàgbé ń bá jà. Mackey kú ní oṣù keje ọdún 2011, ní ẹni ọdún 69. Iye tí ètò náà kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún ìtọ́jú ẹnì kan nílé ìwòsàn lọ́dún jẹ́ 88,000 dọ́là. Nọ́ńbà 88 ni ó wà lára aṣọ rẹ̀ ní Baltimore.